Àwọn Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Máa Ń Bi Ẹni Tí Wọn Ò Mọ̀ Rí, àti Bá A Ṣe Mọ Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ò lè mú kẹ́nikẹ́ni yege ìdánwò, wọn ò sì ní mówó wọlé. Ohun tó kàn ń jẹ èèyàn lọ́kàn ni, tó bá ṣe díẹ̀, á ní kóun bi ẹnì kan, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wà nítòsí. Mo dáhùn àwọn tó ń yọjú jù lára wọn. Mi ò tò wọ́n tẹ̀ léra. Níbi tí ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìdáhùn bá ti dùn ju ìdáhùn náà lọ, mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti pọ̀, mo kọjá.

Ṣé ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí làwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo àjèjì ni?

Rárá o. Ní oṣù kẹta ọdún 1691, John Dunton, ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé tó sì ń tà á nílùú London, gbé ìwé ìròyìn kan jáde tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa dáhùn ìbéèrè lọ. Athenian Mercury ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí nǹkan kan bá rú lójú á kọ lẹ́tà, kò ní forúkọ ara rẹ̀ sí i, ìdáhùn á sì jáde nínú ìwé ìròyìn níbi tí tọmọdé tàgbà ti lè kà á. Dunton jẹ́ káwọn èèyàn gbà pé ẹgbẹ́ ńlá àwọn ọ̀mọ̀wé ló wà nídìí ẹ̀. Ká sọ tòótọ́, wọn ò pọ̀: òun fúnra rẹ̀, Richard Sault tó mọ ìṣirò, àti Samuel Wesley tó jẹ́ àlùfáà, tó tún jẹ́ àna rẹ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n dáhùn ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ ẹranko àti ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run mọ́ra wọn títí di 1697. Àìforúkọsí yẹn ló jẹ́ kó tà. Ohun tójú á máa tini láti bi ará ilé ẹni, ẹnu kì í wúwo láti bi àjèjì.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí èrò rẹpẹtẹ bá sọ máa ń sún mọ́ òótọ́ ju ohun tí ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo bá sọ lọ?

Nígbà míì. Ní 1906, níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn kan ní Plymouth, nílẹ̀ England, wọ́n fa màlúù kan jáde, wọ́n ní káwọn èèyàn fojú díwọ̀n ohun tí ẹran rẹ̀ máa wọ̀n tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un ṣe tán. Ẹni tó bá fẹ́ díje á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á kọ iye tó rò sí i. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ìdíje. Àwọn tó ṣeé lò nínú wọn jẹ́ 787. Ó tò wọ́n látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó pọ̀ jù, iye tó bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́ sì jẹ́ 1,207 pọ́ùn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹran lé òṣùwọ̀n, 1,198 pọ́ùn ni.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kiri máa ń fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. Gbogbo àwọn tó díje ló lè fojú ara wọn wo màlúù náà. Apẹran àti àgbẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n fowó sí i, nítorí náà wọn ò kàn là á lẹ́nu lásán. Pabanbarì ẹ̀ ni pé kálukú ló dá kọ tiẹ̀. Àṣìṣe ẹni tó sọ pé ó wúwo jù àti ti ẹni tó sọ pé ó fúyẹ́ jù wá ń pa ara wọn rẹ́. Ká ní wọ́n ń jí ìwé ara wọn wò ni, ẹnu 787 ti di ẹnu kan. Torí ẹ̀, bí ogún èèyàn bá dá yín lóhùn kan náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ibì kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.

Bíi ti Odi Ńlá ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ní a lè rí láti orí òṣùpá?

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Odi náà gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífẹ̀ ló ń jẹ́ kójú rí nǹkan láti òkè réré, kì í ṣe gígùn, fífẹ̀ odi yìí ò sì ju mítà mélòó kan lọ. Àwọ̀ ẹ̀ tún jọ ti ilẹ̀ tó wà lórí ẹ̀. Òṣùpá wá jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 384,000 kìlómítà. Nígbà tí Yang Liwei, ẹni àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà rán lọ sí gbalasa òfuurufú, padà dé ní October 2003, ó ní òun ò rí odi náà, bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ sún mọ́ òṣùpá rárá. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé William Stukeley, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1754 pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa rí i láti òṣùpá. 1754! Ó ṣì ku ọdún 215 kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé kí Columbus tó wọkọ̀, gbogbo èèyàn gbà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ?

Irọ́ ni, irọ́ ọ̀hún sì ti pẹ́ nínú ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ láti ayé àwọn Gíríìkì pé ayé rí roboto. Eratosthenes tiẹ̀ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bíi 240 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Ó gbọ́ pé ní Syene, ní gúúsù Íjíbítì, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí oòrùn máa ń wà ní ọ̀gangan orí lọ́sàn-án, débi pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ kànga. Lọ́jọ́ kan náà, ní Alexandria níhà àríwá, ọ̀pá tó dúró ṣánṣán ní òjìji. Ó wọn igun òjìji náà, ó rí i pé ìdá kan nínú àádọ́ta òbírípo ni. Nítorí náà, jíjìnnà ìlú méjèèjì síra, tí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlọ́po àádọ́ta, òun ni yíyíká gbogbo ayé. Ọ̀pá, òjìji àti ìṣirò. Kò kúrò ní Íjíbítì.

Kí wá ni Columbus àtàwọn tó takò ó ń jà lé lórí? Bí ayé ṣe tóbi tó ni. Columbus rò pé ó kéré gan-an, pé Éṣíà ò jìnnà béèyàn bá gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Àwọn alátakò ẹ̀ ní ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ni wọ́n sì gbà á. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ́nì kankan ò retí, ló kó òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ yọ. Ìtàn pé àwọn alátakò ẹ̀ rò pé ayé tẹ́, ìwé tí Washington Irving kọ ní 1828 ló tàn án kálẹ̀ jù.

Kí ló dé tí ojú ọ̀run fi jẹ́ búlúù?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn funfun lójú wa, àmọ́ gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló para pọ̀ sínú ẹ̀. Bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, àwọn ègé afẹ́fẹ́ tó kéré ju ohun tójú lè rí ń tú u ká, wọn kì í sì í tú gbogbo àwọ̀ ká bákan náà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ búlúù kúrú ju ti pupa lọ, ó sì ń fọ́n ká tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti pupa. Ibi yòówù ká kọjú sí lókè, búlúù tó ti fọ́n ká yẹn ló ń bọ́ sí wa lójú. Lord Rayleigh ló ṣe ìṣirò ẹ̀ ní 1871.

Ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa á béèrè pé: elésè àlùkò ńkọ́, ṣebí ìgbì tiẹ̀ tún kúrú ju ti búlúù lọ? Irú ẹni tó yẹ kéèyàn máa dá lóhùn nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò ní àwọ̀ yẹn lọ́pọ̀ tó búlúù, ojú èèyàn náà ò sì tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ lè dán an wò lálẹ́. Ẹ bu omi kún ife gíláàsì gíga kan, ẹ kán wàrà díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kí omi náà rú fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kẹ́ ẹ gbé ife náà lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, omi náà á ṣe bíi búlúù. Tẹ́ ẹ bá wá wo tọ́ọ̀ṣì náà látòkè gba inú omi, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù ti já sọ́nà, pupa ló kù. Lórí òṣùpá tí kò sí afẹ́fẹ́, ojú ọ̀run dúdú kirikiri lọ́sàn-án gangan. Ní Mars, tí eruku kún afẹ́fẹ́ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ oòrùn máa ń ṣe búlúù nígbà tó bá ń wọ̀, òdìkejì tiwa gan-an.

Ṣé àrá kì í sán síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

Ó ń sán síbẹ̀, ó tún ń padà wá. Ilé Empire State Building ní New York máa ń gbà á ní nǹkan bí ìgbà 20 sí 25 lọ́dún. Roy Sullivan, tó ń ṣọ́ ọgbà igbó Shenandoah ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, àrá sán lù ú nígbà 7 láàárín 1942 sí 1977, kò sì pa á. Ibi tó bá ga, tó sì dá dúró, àrá ò gbàgbé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mànàmáná, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Ìṣẹ́jú àáyá 3 dúró fún kìlómítà 1. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó kà dé 30, ẹ wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára tó?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Galileo dábàá pé kí èèyàn méjì dúró síbi tó jìnnà síra lálẹ́, kí kálukú gbé fìtílà tí wọ́n bò dání. Kí ẹnì kìíní ṣí tiẹ̀, kí ẹnì kejì ṣí tiẹ̀ gbàrà tó bá ti rí ti àkọ́kọ́. Kò ṣiṣẹ́. Kí ọwọ́ èèyàn tó gbéra, ìmọ́lẹ̀ ti lọ, ó ti bọ̀.

Ibi tó jìnnà ju ìyẹn lọ ni wọ́n ti rí i. Pláńẹ́ẹ̀tì Jupiter ní òṣùpá kan tó ń jẹ́ Io, tó ń yí i po ní nǹkan bíi wákàtí 42 àti ààbọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí i po, á wọ inú òjìji Jupiter, á pòórá, á tún yọ. Ó yẹ kéèyàn lè máa fi ka àkókò. Àmọ́ Ole Rømer, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń wo ìràwọ̀ ní Paris, kíyè sí i pé Io kì í pa àdéhùn mọ́. Láwọn oṣù tí ayé wa bá ń sún kúrò lọ́dọ̀ Jupiter, ṣe ló ń pẹ́ sí i. Tí ayé bá tún ń sún padà lọ bá a, ṣe ló ń tètè dé. Rømer ò di ẹ̀bi ru Io. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló ń rin ìrìn tó gùn sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1676, ó kéde ṣáájú pé èyí tí wọ́n ń retí ní ọjọ́ 9 oṣù November máa fi ìṣẹ́jú 10 pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́.

Iye tó rí ò péye. Ó ní ìmọ́lẹ̀ máa lo ìṣẹ́jú 22 láti fi la ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po já, láti etí kan dé èkejì. Kò pé 17. Èmi ò ka ìyẹn sí. Kó tó dìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbà pé ìmọ́lẹ̀ kì í lo àkókò kankan lójú ọ̀nà ò kéré níye.

Ó wá di 1849 kí Hippolyte Fizeau tó wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀. Ó mú àgbá kẹ̀kẹ́ kan tí eyín 720 yí etí ẹ̀ ká, ó tan ìmọ́lẹ̀ gba àlàfo àárín eyín kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ náà lọ bá dígí kan tó wà níbi tó lé ní kìlómítà 8, ó sì ta padà. Ó wá ń yí àgbá náà kíákíá. Tó bá ti dé ìwọ̀n kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ á bá eyín pàdé dípò àlàfo, kò ní ríbi gbà. Látinú bí àgbá náà ṣe yára tó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ pòórá yẹn ló ti ṣírò iye. Lónìí, mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, kò sì ní yí padà mọ́, torí láti 1983, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu bí mítà fúnra ẹ̀ ṣe gùn tó. Oòrùn tó wà lókè báyìí, bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ sẹ́yìn là ń rí.

Òkè wo ló ga jù láyé?

Ó kù síbi tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Láti ojú òkun, Everest ni: mítà 8,848.86, iye tí Nepal àti Ṣáínà jọ kéde ní 2020. Láti ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, Mauna Kea ní Hawaii gùn jù ú lọ, omi ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ láti àárín gbùngbùn ilé ayé, Chimborazo ní Ecuador ló jìnnà jù, torí ayé yọkùn díẹ̀ níbi agbedeméjì ẹ̀. Ẹni tó bá bi yín láìsọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà.

Ṣé ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ wa là ń lò?

Rárá. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ, àmọ́ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Ara ò ní máa bọ́ ọ̀lẹ báyẹn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ bóyá ibì kan wà nínú ẹ̀ tó lè fara pa láìsí wàhálà.

Mo béèrè ìbéèrè, ẹnì kankan ò dá mi lóhùn. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?

Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà fẹ̀ jù. "Ẹ sọ̀rọ̀ nípa òkun" kì í ṣe ìbéèrè. "Kí ló dé tí òkun fi níyọ̀" ni ìbéèrè. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ibi tó ti dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá sì ní ibo lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má bínú sí i, ire yín ló ń wá. Ní ti àwọn tó ń dáhùn, ohun kan wà tí mo kórìíra lẹ́nu wọn: "lọ wá a fúnra ẹ." Tí kò bá wù yín, ṣe lẹ máa kọjá.

Ó dáa, kí ló dé tí òkun fi níyọ̀, tí odò ò ní?

Odò náà ní, ó kàn kéré débi pé ahọ́n ò mọ̀ ọ́n ni. Bí òjò ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ̀, ó ń kó gáàsì carbon dioxide dání, ìyẹn á jẹ́ kí omi náà kan díẹ̀. Tó bá ń ṣàn lórí àpáta, á máa yọ ọ́ ní kín-ín-kín-ín, á sì kó ohun tó yọ lọ sínú òkun. Oòrùn ń fa omi òkun padà sókè, iyọ̀ ò bá a lọ. Omi gbígbóná tó ń tú jáde látìsàlẹ̀ òkun náà ń dá tiẹ̀ kún un. 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí irú orísun bẹ́ẹ̀ nínú ibú, nítòsí erékùṣù Galápagos. Lónìí, kìlógíráàmù omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀.

Edmond Halley, ẹni tí wọ́n forúkọ ẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù kan, dábàá ní 1715 pé iyọ̀ yìí lè sọ ọjọ́ orí ayé fún wa. John Joly ṣe ìṣirò náà ní 1899: ó mú iyọ̀ tó wà nínú òkun, ó fi èyí tí odò ń kó wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún pín in, ó rí nǹkan bíi 90 mílíọ̀nù ọdún. Ìṣirò ẹ̀ ò burú. Ohun tó gbójú fò ni pé iyọ̀ ń wọlé, ó tún ń jáde. Ó ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó ń di àpáta. Ní 1956, Clair Patterson gba ọ̀nà míì, ó wọn òjé inú àwọn òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó rí 4.55 bílíọ̀nù ọdún. Ìyẹn ò tíì yẹ̀ títí dòní.

Ṣé òótọ́ ni pé àdán ò ríran?

Ó ń ríran. Púpọ̀ nínú àwọn àdán ńlá tó ń jẹ èso, ojú gan-an ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó kù ò nílò ojú kí wọ́n tó fò nínú òkùnkùn biribiri, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti daru. Ní 1793, Lazzaro Spallanzani ní Ítálì fọ́ àwọn àdán kan lójú (ìkà gbáà ni), síbẹ̀ wọ́n ń fò láìkọlu nǹkan kan. Louis Jurine ní Geneva wá di àwọn míì létí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ ohun gbogbo. Ṣé etí ni wọ́n fi ń ríran ni? Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹnì kankan ò gbọ́ kí àdán pariwo lójú òfuurufú. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, títí di 1938 tí Donald Griffin, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard, gbé àdán lọ síwájú ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ohùn tó ga ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́. Ariwo ta! Látọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń lọgun. Àwa la ò gbọ́.

Kí ló ń mú kí ìka hunjọ téèyàn bá pẹ́ nínú omi?

Wọ́n á ní awọ ara ló mumi yó. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ikùn kì í hunjọ? Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún báyìí táwọn dókítà ti rí i pé ìka tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ bá ti gé kì í hunjọ, bó ti wù kó pẹ́ nínú omi tó. Ara ló ń ṣe é fúnra ẹ̀: iṣan ń pàṣẹ fún òpójẹ̀ inú ìka pé kó fún pọ̀, awọ á sì rì wọlé. Àwọn dókítà tiẹ̀ ń fi í yẹ ọwọ́ ọmọdé tó fara pa wò, torí ọmọdé ò lè ṣàlàyé ibi tí kò ti mọ nǹkan lára mọ́. Ìwádìí kan láti Newcastle ní 2013 rí i pé ìka tó hunjọ máa ń yára gbé ohun tómi wà lára ẹ̀. Ìwádìí míì tó tẹ̀ lé e ò rí irú ẹ̀.

Ta ló ní kí February máa ní ọjọ́ 29 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?

Julius Caesar ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ayé kì í fi iye ọjọ́ tó pé yí oòrùn po: ọjọ́ 365, wákàtí 5 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 49 ni. Kàlẹ́ńdà Róòmù ti dojú rú pátápátá kó tó dá sí i, débi pé ọdún 46 ṣáájú ìbí Kristi ní láti gba ọjọ́ 445 kí nǹkan tó padà sípò. Láti ìgbà yẹn lọ, ọdún kan nínú mẹ́rin á fi ọjọ́ kan lé. Caesar kú, àwọn àlùfáà tó yẹ kó máa bójú tó o sì ṣi òfin náà lò, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é. Augustus ló wá tún un ṣe.

Wákàtí 6 ni Caesar kà á sí, ìyẹn ni pé ó fi ìṣẹ́jú 11 lé e lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú 11 ò jọ nǹkan kan, àfi tí ọdún bá lé lẹ́gbẹ̀rún. Ní 1582, Póòpù Gregory Kẹtàlá yọ ọjọ́ 10 kúrò: àwọn tó sùn lálẹ́ October 4 ní Ítálì àti Sípéènì, October 15 ni wọ́n jí sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà títí di 1752, Rọ́ṣíà ò gbà títí di 1918. Òfin tuntun náà ní kí ọdún tó bá parí sí òdo méjì má ṣe gba ọjọ́ kún un, àyàfi tí 400 bá pín in dọ́gba. 1900 ò gbà á, 2000 gbà á, 2100 ò ní gbà á. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní February 29, 2096 á dúró fún ọdún 8 gbáko kí ọjọ́ ìbí ẹ̀ tó tún yọjú.

Ẹran wo ló ní ọkàn mẹ́ta?

Octopus, ẹran inú òkun tó ní apá mẹ́jọ. Méjì ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ibi tó fi ń mí, ìkẹta ń pín in káàkiri ara. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ búlúù, torí bàbà ló fi ń gbé oxygen, irin la fi ń gbé tiwa. Ọkàn kẹta yẹn máa ń dúró tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, abájọ tó fi fẹ́ràn kó máa fà nílẹ̀.

Ǹjẹ́ ìbéèrè kan wà tó rọrùn, àmọ́ tẹ́nì kankan ò tíì lè dáhùn?

Ó wà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lè lóye ẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà yòówù. Tó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ẹ pín in. Tí kò bá ṣeé pín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi 1 kún un. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Ká ní 7 lẹ mú: 7, 22, 11, 34, 17, 52, 26, 13, 40, 20, 10, 5, 16, 8, 4, 2, 1. Ìbéèrè tí wọ́n so mọ́ orúkọ Lothar Collatz, ará Jámánì, ni pé: ṣé gbogbo nọ́ńbà ló máa bọ́ sórí 1 níkẹyìn? Ó ti ń da àwọn onímọ̀ ìṣirò láàmú láti nǹkan bíi 1937. Kọ̀ǹpútà ti dán gbogbo nọ́ńbà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àwọn tó gùn tó òǹkà 20, kò sí èyí tó kọ̀. Lójú àwọn onímọ̀ ìṣirò, ìyẹn ò tíì jẹ́ ẹ̀rí, torí nọ́ńbà ò lópin, èyí tí wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lè kọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé tó gùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 27. Ó máa gòkè dé 9,232 kó tó wálẹ̀, ìgbésẹ̀ 111 lẹ sì máa gbé kẹ́ ẹ tó rí 1.